Kí Èérún Átọ́ọ̀mù Tó Sáré, Iná ni Wọ́n Kọ́kọ́ ń Yẹ̀ Wò

Ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ ní Ìgbódìgò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró dáadáa kí a tó gbé fíríìjì lé e lórí. Àìsíná ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló kọ́ àwọn ará ìlú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà. Àwọn onímọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ lé èérún átọ́ọ̀mù sáré náà kì í kánjú.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Pelletron ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń fi í mọ ohun tó wà nínú eruku, ilẹ̀ àti àpáta. Iná inú rẹ̀ lè dé mílíọ̀nù 1.7 fóltì, nígbà tí ti ilé wa jẹ́ 230 péré (bó bá dé!). Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé irú iná bẹ́ẹ̀ sókè, tí wọ́n á máa ṣọ́ bóyá yóò ta pàrà, kí èérún tó wọlé.

Ní CERN, ilé ìwádìí kan lẹ́bàá Geneva, ojú wọn rí i. Òrùka kìlómítà 27 lábẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rọ LHC wọn, òòfà ńláńlá tó ń lo iná ló sì ń darí èérún nínú rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́jọ ni iná òòfà yìí pín sí. Nígbà tí èérún kọ́kọ́ yí i ká ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2008, tí ayé ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀ka kan ṣì wà tí wọn kò tíì gbé iná rẹ̀ kọjá áńpíà 7,000. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n padà láti dán iná ẹ̀ka náà wò, láìsí èérún kankan nínú ẹ̀rọ. Bó ti dé nǹkan bí áńpíà 8,700, ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà òòfà méjì pọ̀ gbóná, ó yọ́. Iná ta, ó dá ihò sára ohun tó gba hílíọ́mù olómi tó ń mú òòfà tutù. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́fà tú dànù, ipá rẹ̀ sì ti òòfà kúrò ní ipò. Òòfà 53 ni wọ́n gbé jáde, oṣù Kọkànlá ọdún 2009 ni èérún tó tún sáré.

Èmi ò gbà pé ìdánwò náà ló kùnà. Ẹ̀rọ aṣọ́nà ìgbà yẹn ni kò lè tètè mọ̀ pé ojú ìsopọ̀ ń gbóná. Wọ́n ti fi èyí tó ń gbọ́ ìyípadà kékeré rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà àbájáde kún ti hílíọ́mù. Bí wọ́n bá pa LHC fún àtúnṣe lónìí, ìdánwò iná ló ń ṣáájú èérún.