Bí Tábúlẹ́ẹ̀tì Ọmọ Bá Lọ́ra Lẹ́yìn Ọ́púdéètì

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìdánwò àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, ìyá kan tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òbí ilé-ẹ̀kọ́ wa dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ó fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì mú tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ náà dání bí ẹni tí ó mú ẹ̀rí wá sí ilé ẹjọ́.

“Bàbá Àlùfáà, ẹ bá mi bi í léèrè,” ni ó wí, “kí ni ó kó sínú nǹkan yìí? Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ Ẹtì. Láti àná, bí a bá tẹ̀ ẹ́, a ó ka ení, èjì, títí dé ogún kí ó tó dáhùn. Fíìmù ni ó ń gbà sínú rẹ̀.”

Ọmọ náà kò fèsì. Omi ti lé ròrò sí i lójú. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì náà, ó ní òun kò ṣe ohunkóhun ju pé tábúlẹ́ẹ̀tì náà béèrè bóyá kí ó gba ọ́púdéètì, òun sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Irú ẹjọ́ yìí ti dé iwájú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun ni ó sì mú kí n gba àyè díẹ̀ nínú ìwé àjọ̀dún yìí. Nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, tí ẹ̀kọ́ sì ṣí lọ sórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti WhatsApp, ọ̀pọ̀ òbí ní Ìpájà, Ayọ̀bọ́ àti Báruwà ni ó fi owó oúnjẹ ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ títí di òní. Wọ́n ti gbó, ṣùgbọ́n ọ́púdéètì kò yé dé sí wọn. Bí wọ́n bá sì ti lọ́ra, ọmọ ni a kọ́kọ́ ń bá wí.

Àwa tí a jókòó sí kíláàsì nígbà tiwa kò mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì ni tiwa, kò sì sí ẹni tí ó ń ránṣẹ́ sí síléètì lóru pé kí ó yí ìwà padà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, fún irú ẹ̀rọ yìí ní orúkọ tí ó wù mí púpọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga girama ní ọdún 2013: Ọpọ́n Ìmọ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Orúkọ náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n síléètì ni yóò ràn mí lọ́wọ́ jù láti ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, mo sì máa padà sí i láìpẹ́.

Kí ni ọ́púdéètì, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní ìmúdójúìwọ̀n? Gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì ni ó ní ètò kan nínú tí ó ń darí rẹ̀. Android, tí ó jẹ́ ti Google, ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù ní ọjà wa. Apple ni ó ní ti iPad. Àwọn tí ó ṣe ètò yìí a máa ṣàtúnṣe sí i láti ìgbà dé ìgbà. Wọ́n á dí ihò tí olè lè gbà wọlé, wọ́n á sì fi ohun tuntun kún un. Ètò náà ni ó ń yí padà. Ara ẹ̀rọ kò yí padà. Ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ rà á, òun náà ni yóò ru ẹrù tuntun.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń fa ìlọ́ra kì í ṣe àrùn rárá. Bí ètò tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ ní láti tún gbogbo áàpù tò kí wọ́n lè bá a mu. Á tún máa wo àwọn àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn áàpù náà á sì máa gba ọ́púdéètì tiwọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun ni. Bí àlejò bá kàn án ní ọjọ́ kejì, kò ní tètè rí ife tí yóò fi bu omi fún un. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọjọ́ kan tàbí méjì ni èyí sábà máa ń gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ó kọ ètò náà kò rò mọ́ tiwa. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ títò yìí ni ẹ̀rọ ń fi sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá wà lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò sì lò ó, ọ̀pọ̀ áàpù a sì máa dúró de Wi-Fi kí wọ́n tó gba tiwọn. Ní Ìpájà, níbi tí iná lè lọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ kí ó má dé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí a sì ń fi ìwọ̀n ra dátà bí ẹni ra gàrí, iṣẹ́ òru kan lè di iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá lọ́ra lẹ́yìn ọ́púdéètì, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí iná wà, ẹ fi í sí i ní òru méjì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò yí padà ńkọ́? Ibẹ̀ ni síléètì ti wọlé. Ohun tí ń tọ́jú àwòrán, ìwé àti áàpù nínú tábúlẹ́ẹ̀tì jọ síléètì ju ìwé lọ. Lórí ìwé, bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan kọ, ẹ lè fa ìlà gbà á kọjá, kí ẹ kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí síléètì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Ti ẹ̀rọ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò lè nu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, odindi síléètì ni ó ní láti nù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlà kan bá ṣì wúlò lórí èyí tí ó fẹ́ nù, ó ní láti kọ́kọ́ da ìlà náà kọ sórí síléètì mìíràn tí ó mọ́. Bí síléètì mímọ́ bá pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ náà á yá, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ̀rọ á máa dà kọ, á máa nù, á tún máa dà kọ, kí ó tó lè kọ ohun kékeré kan tí ẹ ní kí ó kọ. Ọ́púdéètì ńlá a sì máa gba àyè púpọ̀. Ó lè jẹ́ òun ni ó gba síléètì mímọ́ tí ó kù.

Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ti Nexus 7, tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí Google gbé jáde ní ọdún 2012, tí ilé-iṣẹ́ Asus bá a ṣe. Láìpẹ́, àwọn tí ó rà á rí i pé ó ń lọ́ra bí ó ti ń kún. Nígbà tí Android 4.3 jáde ní ọdún 2013, ó mú ọgbọ́n kan wá: ètò náà á máa sọ fún ibi ìpamọ́ pé síléètì báyìí báyìí kò wúlò mọ́, kí ó lè nù wọ́n sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé. Ẹ rí i pé ọ́púdéètì lè wo ìlọ́ra sàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Android 5.0 dé sórí ẹ̀rọ kan náà ní òpin ọdún 2014, igbe sọ: ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀rọ àwọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mira mọ́. Èmi kò rò pé ìwà ìkà ni. Mo rò pé ẹ̀rọ tuntun ni ó wà lójú àwọn tí ó kọ ètò náà, wọ́n sì gbàgbé ẹni tí kò lágbára láti ra òmíràn.

Nígbà tí mo wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin yẹn, gígábáìtì mẹ́rìndínlógún ni àyè rẹ̀, ohun tí ó kù nílẹ̀ kò sì tó ẹyọ kan. Mo wá fíìmù tí ìyá rẹ̀ sọ, n kò rí ọ̀kan. Ohun tí mo rí ni WhatsApp. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i nígbà Kòrónà kí ó lè wọ ẹgbẹ́ kíláàsì, kò sì sí ẹni tí ó rántí yọ ọ́. Gbogbo fídíò ẹgbẹ́ obìnrin, ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, àti àwòrán òdòdó tí a kọ “Ẹ kú òwúrọ̀” sí lára ni ó ń wọ inú rẹ̀ fúnra wọn lójoojúmọ́. Díẹ̀ nínú àwọn òdòdó náà, mo jẹ́wọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti wá.

Ibi ìpamọ́ nìkan kọ́ ni ó ń kún. Ẹ̀rọ tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní RAM, èyí tí mo fi wé tábìlì tí aránṣọ ń tẹ́ aṣọ sí. Aṣọ púpọ̀ lè wà nínú àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni ó ti ń gé e. Bí tábìlì bá kéré, á máa ká ọ̀kan kúrò kí ó tó tẹ́ òmíràn. Ètò tuntun a máa gba àyè lórí tábìlì ju ti àtijọ́ lọ, àwọn áàpù náà sì ń sanra lọ́dọọdún. Tábúlẹ́ẹ̀tì témi fúnra mi, tí àwọn ọmọ mi rà fún mi, gígábáìtì kan péré ni tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn ọ́púdéètì kan, mo dúró lórí àga ìwàásù láti ka ẹ̀kọ́ kejì, ojú ìwé kọ̀ kò ṣí. Ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́ títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi gbé Bíbélì onítákàdá wá fún mi. Mo pa ohun tí mo lè pa rẹ́, mo fi í sórí iná ní òru mẹ́ta, kò yàtọ̀. Irú èyí kò ní oògùn. Mo yọ gbogbo áàpù inú rẹ̀ àyàfi Bíbélì àti ìwé orin, mo pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwọ̀nba iṣẹ́ náà ni ó sì ń ṣe di ìsinsìnyí.

Àwọn kan á sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ẹ̀rọ wa kù kí a lè ra tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé ọ́púdéètì kan ń dín ìyára àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù. Fóònù ni, kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n sọ kan gbogbo wa. Bí bátìrì bá gbó, agbára tí ó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà a máa dín kù. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá wá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá lójijì, bátìrì kò ní lè gbé e, ẹ̀rọ á sì kú pii. Wọ́n ní kí ó má baà kú ni àwọn ṣe ní kí ó máa rọra rìn. Ẹ̀bi wọn ni pé wọn kò sọ fún ẹni tí ó ni ín. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29, ní ọdún 2020 wọ́n sì gbà láti san owó tí ó lè tó mílíọ̀nù 500 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Ítálì ti bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 Yúrò lé Apple, ó sì bu mílíọ̀nù 5 lé Samsung nítorí pé wọ́n rọ àwọn tí ó ní Galaxy Note 4 láti gba ètò tí ó wúwo jù fún un. Nítorí náà kì í ṣe àlá ni àwọn ènìyàn ń lá. Síbẹ̀, nínú gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gbé wá bá mi, àyè tí ó kún, bátìrì tí ó gbó àti ooru ni ó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú àpò aláwọ, lórí ibùsùn, lábẹ́ páànù ní ọ̀sán gangan, tí a tún fi sórí iná, á fúnra rẹ̀ dẹwọ́ iṣẹ́ kí ó má baà jóná.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sọ pé òun kò ní gba ọ́púdéètì mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti ìwé àwọn ènìyàn mọ́ra káàkiri ayé, ó ń béèrè owó kí ó tó tú wọn sílẹ̀. Ó kọlu àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi ń dá aláìsàn padà sílé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ á rántí rẹ̀. Láti oṣù Kẹta ni Microsoft ti gbé ọ́púdéètì tí yóò dí ihò náà jáde. Àwọn kọ̀ǹpútà tí kò gbà á ni kòkòrò náà rí wọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń wọ báńkì yín nílò ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Kí ẹ tó gba ọ́púdéètì ńlá, ẹ rí i pé àyè tí ó tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì da àwọn ìwé àti àwòrán pàtàkì kọ sí ibòmíràn. Bí ìdánwò ọmọ bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é tán ná. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ìsinmi, ààyè àti ìtutù kò bá ṣe é, ẹ lè nù ún pátápátá kí ó rí bí ó ti rí nígbà tí ẹ rà á, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ẹ kò bá dà kọ ni yóò lọ. Bí bátìrì bá wú tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sì ń ṣí, ẹ má fi í sórí iná mọ́ rárá; ó lè gbiná. Àwọn alátùn-únṣe ẹ̀bá ọ̀nà kan á sọ fún yín pé àwọn fẹ́ “fláàṣì” rẹ̀ padà sí ètò àtijọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí ètò náà, torí ẹni tí ó bá fi ètò sínú ẹ̀rọ yín ni ó ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín.

Ní ti ọmọbìnrin wa, a kó àwọn fídíò náà sórí káàdì ìpamọ́, a pa ẹ̀dà wọn rẹ́ kúrò nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, a sì ní kí WhatsApp má ṣe máa gba fídíò fúnra rẹ̀ mọ́. Mo fi í sórí iná sólà nínú yàrá àlùfáà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n wá gbà á, ọmọ náà tẹ ìwé fisíìsì rẹ̀, ó sì ṣí kí ó tó ka ẹ̀ta. Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá fídíò àjọ̀dún ẹgbẹ́ obìnrin wà lára ohun tí a pa rẹ́. Mo ní ó wà lórí káàdì. Ó gba káàdì náà, ó dì í mọ́ etí ìró, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “Má bínú, ọmọ mi.”