Roy ló di King: bí orúkọ ìdílé ṣe ń pòórá ní Quebec

Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹnì kan tó ń jẹ́ King ní Massachusetts, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Roy ni baba ńlá ẹ̀ ń jẹ́. Ọba náà ni orúkọ méjèèjì túmọ̀ sí.

Láàárín 1840 sí 1930, bíi 900,000 ọmọ Kánádà tó ń sọ èdè Faransé ló wáṣẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, Boisvert di Greenwood, Leblanc di White. Lónìí, ọmọ-ọmọ wọn á wá White títí nínú ìwé Quebec, kò ní rí i.

Orúkọ ti ń yí kí wọ́n tó kúrò nílé pàápàá. Lọ́dún 1665, ọba Faransé kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀, bíi 400 ò sì padà. Ọmọ ogun máa ń ní orúkọ ìnagijẹ. Ọ̀rọ̀ náà "dit", ìyẹn "tí wọ́n ń pè ní", ni wọ́n fi ń so ó mọ́ orúkọ ìdílé, bíi Hudon dit Beaulieu. Ẹ̀gbọ́n lè mú Hudon, kí àbúrò mú Beaulieu.

Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ló ń yọni. Ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Orúkọ ilé bàbá obìnrin ni wọ́n máa ń kọ fún un, kódà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ìwé ìgbéyàwó sì sábà máa ń dárúkọ òbí tọkọtaya. Nítorí náà, tí orúkọ bàbá bá ti sọnù, ti ìyá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.