Títọpa Iná Adúrósójúkan Nínú Páwà Sọ́pláì

Ní ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹni tó ń wọ́ bàtà lórí kápẹ́ẹ̀tì máa ń kó iná jọ sára láìfura, nítorí pé bí ohun méjì bá fara kanra tí wọ́n sì pínyà, ọ̀kan a máa gba iná lára èkejì, kò sì sí ọ̀rinrin tí yóò gbé e lọ. Èyí ni iná adúrósójúkan: kì í ṣàn bí ti inú wáyà, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti fẹ́ kan irin, yóò ta pàrà. Ó di nǹkan bí 3,000 fóòtì kí ara tó mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ MOSFET, ìyẹn tìràńsísítọ̀ tó ń ṣí iná tó sì ń tì í nínú páwà sọ́pláì, ni kò gbọdọ̀ gbà ju 20 fóòtì lọ ní géètì, níbi tí àṣẹ ti ń wọ inú wọn.

Ẹni tó ń wá ìdí àléébù tí iná yìí dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú àléébù náà. Bí ẹ̀rọ bá kú tó sì tún padà tàn fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iná náà kàn da áísíì (IC) tó ń darí rẹ̀ láàmú. Bí kò bá tàn mọ́, ó lè jẹ́ pé awọ tínrín abẹ́ géètì ti lu. Kí oníṣẹ́ tó fi mítà kàn án, ó gbọ́dọ̀ yọ wáyà kúrò lára iná, kí ó sì fi rẹ̀sísítọ̀ tú iná inú kàpásítọ̀ ńlá dànù, torí pé lórí iná 230 fóòtì, ó lè di nǹkan bí 325 fóòtì mú, èyí tó lè pa ènìyàn. MOSFET tí a yọ kúrò lórí bọ́ọ̀dù, bí ó bá yè, kò ní jẹ́ kí iná kọjá láti géètì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ yòókù.

Síbẹ̀, pípààrọ̀ ohun tó jóná nìkan kò wo àrùn náà sàn. Bí àgbàrá òjò ni iná adúrósójúkan rí, ọ̀nà tó bá rọrùn ni yóò gbà. Bí ó bá wọlé láti ẹnu wáyà tó ń gbé iná jáde, ó lè gba inú kàpásítọ̀ Y, tó so ìhà iná ńlá pọ̀ mọ́ ìhà iná kékeré, kí ó sì gba orí ilà ilẹ̀ (ground) bọ́ọ̀dù tí áísíì ń lò kọjá. Nítorí náà, ilà kàpásítọ̀ Y gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti áísíì, dáyóòdù TVS tó ń gbé iná àpọ̀jù lọ sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà náà gan-an, kí ilà rẹ̀ sí ilẹ̀ sì kúrú, nítorí pé iná tó ń ga sókè láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kì í fara mọ́ wáyà gígùn. Oníṣẹ́ tó bá mọ ibi tí iná gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde ni àtúnṣe rẹ̀ máa ń tọ́jọ́.