Langbaurgh: Orúkọ Tó Kúrò Lórí Òkè Rẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sábà máa ń kọ ọ́ pé ìlú tó wà nínú àgbègbè ìjọba kan ló fún un lórúkọ. Kétu ló ń tàn wá: ìlú Kétu wà nínú kọ̀múùnù Kétu. Ojú yìí ni èmi náà fi kọ́kọ́ wo Langbaurgh, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ṣìnà.

Langbaurgh (wọ́n ń pè é bí ẹni pé "Langbarf" ni wọ́n kọ) túmọ̀ sí "òkè gígùn" ní èdè Norse àtijọ́. Òkè náà wà nítòsí Great Ayton, abúlé kékeré kan sì ń jẹ́ orúkọ yìí níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti di orúkọ wapentake kan ní Yorkshire. Wapentake ni ìpín ilẹ̀ tó ní àpéjọ àti ìdájọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Norse náà, vápnatak, jẹ mọ́ gbígbé ohun ìjà sókè láti fi hàn pé èèyàn fara mọ́ ìpinnu.

Òfin 1972 tún ìjọba ìbílẹ̀ tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1974. Wọ́n pa Redcar, tó wà lábẹ́ Teesside tẹ́lẹ̀, pọ̀ mọ́ Guisborough, Loftus, Saltburn àti àwọn aládùúgbò wọn, lábẹ́ kaúńtì tuntun tí í jẹ́ Cleveland. Orúkọ wapentake àtijọ́ ni wọ́n fún àgbègbè yìí. Ṣùgbọ́n Great Ayton, tòun ti abúlé Langbaurgh, bọ́ sí Hambleton ní North Yorkshire! Orúkọ wọlé, ẹni tó ni ín wà lóde.

Ìgbìmọ̀ àgbègbè ń bójú tó ilé gbígbé àti ìdọ̀tí. Ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kaúńtì. Lọ́dún 1988 wọ́n fi odò kún orúkọ náà, ó di Langbaurgh-on-Tees. Ní 1996 wọ́n fagi lé ìgbìmọ̀ kaúńtì, àgbègbè náà gba iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì di Redcar and Cleveland. Apá kan lára Cleveland ló wá ń jẹ́ orúkọ odidi.

Nítorí náà, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, mo ń kọ ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Fún 1974 sí 1996, "àgbègbè" ni mo lò. Fún ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, mo yan "kọ̀múùnù", torí pé, bíi tiwa ní Benin, kò sí ìgbìmọ̀ mìíràn tí wọ́n dìbò yàn láàárín òun àti ìjọba orílẹ̀-èdè nígbà náà.