Ẹ Yí Kọ́kọ́rọ́, Katakata Ò Dáhùn

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àsìkò òjò máa ń dé lọ́dún ní Tamale, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àgbẹ̀ ló ń wá ẹni tó máa bá wọn fi katakata túlẹ̀ fún àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀pà. Katakata tí wọ́n ti lò gbó nílẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ níbẹ̀, Massey Ferguson sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ká wá sọ pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ “kọ́!” lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́ nǹkan míì mọ́.

Ọ̀pọ̀ á sọ pé bátìrì ló kú. Àmọ́ owó bátìrì kì í ṣe owó kékeré, ẹ má tíì lọ rà á. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù ò ní púlọ́ọ̀gì. Tí kò bá ti yí rárá, ọ̀nà tí iná ń gbà láti bátìrì dé sítátà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ fi mítà wọn bátìrì náà. Èyí tó kún dáadáa máa ń tó nǹkan bíi volt 12.6. Tó bá kún, ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì bóyá nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti bò ó. Ẹ tú àwọn wáyà ibẹ̀, ti ẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, kẹ́ ẹ wá fi sánpépà ha á títí á fi máa dán. Ẹ tún tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì dé ìdí rẹ̀ kejì, níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara katakata. Ìpata àti ọ̀dà sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn tó ń yẹ ibẹ̀ wò ò sì pọ̀. Iná iwájú lè máa tàn yòò síbẹ̀ kí sítátà má yí, torí iná díẹ̀ ni gílóòbù ń lò, àmọ́ sítátà lè gbà ju 200 ampere lọ. Ṣe ló dà bí omi tó ń kán lẹ́nu páìpù tó dí: ó lè kún ife, àmọ́ ta ló máa dúró kó kún àgbá?

Tẹ́ ẹ̀ bá tiẹ̀ gbọ́ “kọ́” yẹn rárá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ katakata ní suwíìṣì kékeré kan lára jíà, tí kì í jẹ́ kí iná dé sítátà àfi tí jíà bá wà ní fírì. Ó lè jẹ́ òun ló bà jẹ́. Ibí yìí làwọn kan ti ń fẹ̀mí ara wọn wewu. Wọ́n á dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, wọ́n á fi irin so ojú méjèèjì sítátà pọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Tí jíà bá wà nínú, katakata á gbéra lójú ẹsẹ̀, táyà ńlá yẹn á sì gun ẹni náà kọjá. Ó ti pa àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ dunjú.

Ẹ jókòó sórí àga awakọ̀, kí jíà wà ní fírì, kẹ́ ẹ rọra mi ọ̀pá jíà bẹ́ ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Tí sítátà bá gbà á lójijì, suwíìṣì yẹn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.