Bí Ìmọ̀ Tí Ìjọba Fi Pamọ́ Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Másítà

Ìṣirò tó ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ owó tí à ń fi fóònù ránṣẹ́ lónìí ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀kan wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè fi í ti iṣẹ́ tó fẹ́ rán. Èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí a rán iṣẹ́ náà sí, òun nìkan ló sì lè ṣí i. James Ellis, òṣìṣẹ́ GCHQ, ilé iṣẹ́ amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i ní 1970 pé irú rẹ̀ ṣeé ṣe. Clifford Cocks ṣe ìṣirò rẹ̀ yọrí ní 1973. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n gbọ́dọ̀ panu mọ́.

Ní 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman ronú kan irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ ọ̀hún ti kúrò ní ti amí nìkan. Àwọn bánkì tó ń fi kọ̀ǹpútà sanwó ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ náà. Ta ló máa kọ́ wọn?

Fred Piper ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò ni, òun àti Henry Beker sì ti kọ ìwé lórí àdììtú, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ní 1982. Ní 1990, ó dá ẹ̀ka ìwádìí ààbò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Royal Holloway, kọ́lẹ́ẹ̀jì Fásitì Lọ́ńdọ̀nù tó wà ní Egham. Nígbà tó di 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ másítà lórí rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn ò fi í sílẹ̀ fún ìṣirò nìkan. Òfin wà níbẹ̀, ètò ìṣàkóso ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà níta sì ń wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àdììtú ti le tó, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀ fún àjèjì lórí fóònù?

Ní ti iṣẹ́ àṣírí GCHQ, Oṣù Kejìlá 1997 ni Cocks tó rí àyè sọ ìtàn rẹ̀ ní gbangba. Ó dùn mí pé Ellis ti kú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín níta. Ní 2014, GCHQ tó fi iṣẹ́ Ellis pamọ́ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ másítà lórí ààbò kọ̀ǹpútà. Fásitì mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ mú, Royal Holloway sì wà lára wọn.