Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé yíyàn ẹni tó ń gbá géèmù ń yí ìtàn padà?

Géèmù onítàn ni géèmù fídíò tó máa ń dúró lágbedeméjì, tí yóò bi ẹni tó ń gbá a pé èwo ni yóò ṣe nínú ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìtàn tó tẹ̀síwájú. Bí ẹni náà bá yàn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ péré láàárín ohun méjì méjì, tí yíyàn kọ̀ọ̀kan sì la ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, òpin ìtàn yóò di 256, iye kan náà tí Odù Ifá jẹ́, nítorí pé àmì ẹyọ kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ni babaláwo ń tẹ̀ sójú ọpọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun lè ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé pélébé, ṣùgbọ́n yíya àwòrán gbogbo òpin wọ̀nyí lè jẹ ilé-iṣẹ́ kan run, ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń da àwọn ọ̀nà náà pọ̀ padà.

Nínú géèmù The Walking Dead tí ilé-iṣẹ́ Telltale gbé jáde ní 2012, ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ yàn láàárín Doug àti Carley ẹni tí yóò gbà là, àmọ́ ìbọn Lilly, ẹlòmíràn nínú ìtàn náà, ni yóò pa èyí tó bá yè nígbà tó bá di apá kẹta. Irú ọgbọ́n báyìí ló bí àwọn tó gbá géèmù Mass Effect 3 nínú lọ́dún náà, títí tí BioWare tó ṣe é fi fẹ òpin rẹ̀ lójú sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó gba Carley là ti bá a rìn, ó ti bá a sọ̀rọ̀, ikú rẹ̀ kò sì lè dùn ún bákan náà pẹ̀lú ti Doug. Inú ẹni tó yàn gan-an ni yíyàn náà ti ṣiṣẹ́.